Iná Tí Kò Rú Èéfín

Bí àjèjì bá dé Òkè-Adán, tó gbọ́ tí àwọn àgbà ń wí pé, "Iná tí kò rú èéfín, ìta là á dá a sí," ẹnu a yà á. Ṣebí iná tó ń rú èéfín, tó ń ta èèyàn lójú, ló yẹ kí wọ́n lé síta? Èyí tó jókòó jẹ́ẹ́, kí ló ṣe wọ́n? Ọ̀dọ̀ Ògúnṣakin asunèédú ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀.

Èédú ni Ògúnṣakin ń sun, èédú náà ló sì fi ń yangàn. Inú oko gbalasa ló ti ń sun ún. Bó bá gbé e dé ọjà, a ní, "Èédú tèmi gbẹ̀kọ́. Ó ń jó, kò bá ẹnikẹ́ni jà." Igi tí Ìbídùn ìyàwó rẹ̀ fi ń dáná lẹ́yìnkùlé ló máa ń bú: "Igi aláriwo, eléèéfín!"

Lọ́dún kan, Fadérera ọmọ wọn bímọ, ó sì wá gba ìtọ́jú nílé baba rẹ̀. Òjò ń rọ̀ ní àrọ̀ọ̀rọ̀dá, otútù orí òkè ń mú ìkókó náà títí ètè rẹ̀ fi ń gbọ̀n. Ara baba àgbà tuntun kò gbà á. Ó kó èédú pupa sínú àdògán, ó gbé e sí yàrá, ó pa fèrèsé dé, ó tún fi àkísà dí abẹ́ ilẹ̀kùn.

"Ǹjẹ́ ẹ rí èéfín kankan?" ó bi wọ́n.

"Rárá o, Bàbá. Ẹ ṣé é."

Yàrá móoru, ìkókó sùn. Wọ́n ń tàkúrọ̀sọ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ ni orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ Ìbídùn, tí èébì ń gbé e. Òòyì ń kọ́ ọkọ rẹ̀.

"Ẹ̀wà rẹ tí a jẹ yìí ni," Ògúnṣakin ní. "Kò jinná."

"Ẹ̀wà tí ẹ bù jẹ, tí ẹ tún bù kún? Ṣé èyí tí ẹ bù kún náà ò jinná ni?"

"Èmi ò jẹ ẹ̀wà," Fadérera sọ ọ́ bí ẹni tó ń sùn, "orí ń fọ́ èmi náà."

Ewúrẹ́ ké níta. Ògúnṣakin di ògiri mú jáde, ó lọ fà á kúrò nínú òjò. Bó ṣe ń so ó mọ́lẹ̀ ni orí rẹ̀ fúyẹ́. Inú rẹ̀ dùn pé ẹ̀wà ti dà. Ṣùgbọ́n kò tíì jókòó nígbà tó padà wọlé tí òòyì tún gbé e.

Ó dúró. Ẹ̀wà kì í dúró de èèyàn lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo Fadérera, orí rẹ̀ ti ṣubú sáyà. Ó pè é, kò dáhùn. Ó fọwọ́ kan ìkókó, ọrùn ọmọ rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni ojú rẹ̀ bọ́ sórí àdògán. Èédú ń pọ́n jẹ́ẹ́, bí ẹni pé kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

"Ìbídùn, jáde!"

"Nínú òjò yìí?"

"Mo ní kó o jáde!"

Ó gbé ìkókó lé e lọ́wọ́, ó tì í síta, ó sì padà fa Fadérera lábíyá jáde sínú ẹrẹ̀. Òjò ń lù wọ́n. Ọmọ kò mira. Ògúnṣakin kúnlẹ̀, ó ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn. Lójijì ni ìkókó sín, ó fa ojú ro, ó sì figbe bọnu. Fadérera lajú.

"Ta ló gbé ọmọ mi sínú òjò?"

Ni Ògúnṣakin bá bú sẹ́kún, ó ń rẹ́rìn-ín mọ́ ọn.

Àwọn aládùúgbò gbé gbogbo wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ní, "Bàbá, èédú tó ń jó ní afẹ́fẹ́ olóró. Kò láwọ̀, kò lóòórùn. Nínú yàrá tí a sé pa, ó lè pa odidi ilé. Bí orí bá ń fọ́ gbogbo yín lẹ́ẹ̀kan náà, tó sì ń fúyẹ́ níta, ẹ sá jáde kíá."

"Igi ńkọ́?"

"Igi náà ní in. Ṣùgbọ́n èéfín tirẹ̀ á kọ́kọ́ lé yín síta."

Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí Ògúnṣakin ta èédú fún tí kò kìlọ̀ fún pé ìta là á dá iná tí kò rú èéfín sí. Àwọn oníbàárà ń fi í rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń gbé àdògán wọn jáde. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ náà kúrò lórí èédú, ó di ti èèyàn àti ti ìṣòro. Ewu tó ń pariwo ti kìlọ̀ fún wa. Èyí tó bá wa jókòó jẹ́ẹ́ ni ká jìnnà sí. Iná tí kò rú èéfín, ìta là á dá a sí.