Ìdí Tí Igi Obì Kì Í Fi Wà ní Ìhòòhò Nígbà Ọyẹ́

Nígbà láéláé, kò sí igi kankan tí ewé máa ń wà lára rẹ̀ nígbà ọyẹ́. Gbogbo igi inú igbó, àti ńlá àti kékeré, ọjọ́ kan náà ni wọ́n máa ń já ewé sílẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ bá ti kọ́kọ́ fẹ́, Ìrókò tí í ṣe olórí wọn á wú ikọ́, á gbọn ara, ewé rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà sílẹ̀. Àwọn yòókù á tẹ̀ lé e. Kí oòrùn tó wọ̀, igbó á ti rí bí adìẹ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tu ìyẹ́ rẹ̀.

Àwọn igi kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ohun tí bàbá wọn ṣe ni wọ́n ń ṣe. Àwọn ẹranko ló mọ ohun tí ojú wọn ń rí. Òkété tilẹ̀ ní ihò, á wọ ihò rẹ̀ lọ. Ìgbín ní ìkarawun, á dí ẹnu rẹ̀ pa, á sùn. Ṣùgbọ́n kí ni Ọ̀fàfà fẹ́ ṣe?

Ọ̀fàfà jẹ́ ẹranko kékeré onírun tó fi orí igi ṣe ilé. Kò mọ ihò gbẹ́, ìrìn ilẹ̀ kò sì yá a lára. Àárín ewé ló ń bímọ sí, àárín ewé náà ló sì ti ń tọ́ ọ. Lọ́dọọdún, bí ewé bá ti já tán, Idì, ẹyẹ ńlá tí ojú rẹ̀ mú, á máa fò yípo lókè igbó. Kò ní wá ẹran títí. Ọmọ Ọ̀fàfà ni yóò kọ́kọ́ rí, ọmọ Ọ̀fàfà náà ni yóò sì gbé lọ.

Bí ọyẹ́ ti ń dé ni ọwọ́ Ọ̀fàfà ń ṣófo. Nígbà tó tún bí ọmọ mìíràn, ó sọ ọ́ ní Málọmọ́. Kò sí ẹni tó gbọ́ orúkọ náà tí kò mọ ohun tí ìyá náà ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Lọ́dún náà, òjò kò tíì dá tán tí Ọ̀fàfà ti pọn Málọmọ́ sẹ́yìn, tó gba ilé Ìrókò lọ. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí díẹ̀ nínú àwọn igi jọ̀wọ́ má já ewé lọ́dún yìí, kí òun lè rí ibi tí òun yóò fi ọmọ pamọ́ sí. Ìrókò gbọ́ ọ tán, ó mi orí. Ó ní ọ̀rọ̀ náà wọ òun lára, ṣùgbọ́n igi kan kì í dá igbó ṣe. Ó ní òun yóò pe gbogbo igi jọ, kí olórí ẹbí kọ̀ọ̀kan lè dáhùn fún àwọn ará ilé rẹ̀.

Ọ̀fàfà dúpẹ́, ó dìde. Ká ní ó mọ ohun tó ń bọ̀ ni, kì bá tí dúpẹ́.

Nígbà náà, igi ṣì ń rìn. Wọ́n rìn títí wọ́n fi pé sí gbàgede kan láàárín igbó. Ọ̀fàfà bọ́ síwájú láti sọ̀rọ̀. Ìrókò ní kó ṣe sùúrù, kí kálukú kọ́kọ́ lọ jókòó sọ́dọ̀ ẹbí rẹ̀ ná.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé igi kò mọ ẹbí wọn.

Ọdán, tó máa ń fi ìbòòji rẹ̀ yangàn, lọ jókòó ti Ìrókò. Ó ní oje funfun ló wà lára àwọn méjèèjì, kí ẹnikẹ́ni má bá òun jiyàn. Ìrókò ha ara rẹ̀ wò, oje funfun jáde, ó ní lóòótọ́ ni. Kò pẹ́ tí Agbálùmọ̀ náà fi dé, tó ní oje funfun wà lára òun pẹ̀lú, kí wọ́n sún fún òun. Ọdán yarí. Ó ní kí Agbálùmọ̀ la èso rẹ̀ kí gbogbo ayé rí i. Wọ́n là á, wọ́n bá hóró ńláńlá tó ń dán nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ hóró inú èso Ọdán kò ju yanrìn lọ. Agbálùmọ̀ kó hóró rẹ̀ pẹ̀lú ìbínú, ó ń wá ẹbí kiri. Oòrùn ti ń wọ̀ kí Àgbáyun tó pè é pé kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun, pé oje àti hóró àwọn jọra.

Ìrókò ní ilẹ̀ ti ń ṣú, kí wọ́n padà wá lọ́la. Ọ̀fàfà kò tíì sọ gbólóhùn kan.

Ní ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ Obì àti Orógbó ló gba gbogbo ọjọ́. Àwọn méjèèjì jọ di ara wọn lọ́wọ́ mú wọlé ni. Inú àwo kan náà ni àwọn ènìyàn ń gbé èso wọn sí níbi ìsọmọlórúkọ, wọ́n sì ti gbà pé ọmọ ìyá ni àwọn. Àwọn àgbà igi ní àwo kọ́ ni ìyá. Wọ́n ha Orógbó lára, oje pupa rúsúrúsú ló jáde. Wọ́n ha Obì lára, ohun tó jáde ń yọ̀ bí ilá. Wọ́n ní ta ló tún ń yọ̀ bẹ́ẹ̀ láàárín wọn. Àràbà ni. Gìrìwò bí Àràbà ti rí, tòun ti ẹ̀gún ara rẹ̀, òun gan-an ni àgbà ilé Obì.

Ẹ̀rín pa gbogbo igi. Obì bú sẹ́kún, ó ní òun kò mọ òmìrán yìí rí. Àràbà náà bínú, ó ní ta ni kò fẹ́ òun ní ẹbí. Wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Orógbó ní tirẹ̀ dá jókòó síbi kan, àfi ìgbà tí Orógbó-erin, tí ẹnikẹ́ni kì í fi àwo gbé èso rẹ̀ síwájú àlejò, nawọ́ sí i pé oje kan náà ni tàwọn.

Ẹ tiẹ̀ bá mi wo irú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹnì kan ń wá ibi tí ọmọ rẹ̀ yóò sá sí, àwọn àgbààgbà ń ha ara wọn wò.

Gbogbo ìgbà tí Ọ̀fàfà bá nawọ́ láti sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń ní kó dúró díẹ̀. Ó ní ọyẹ́ ti ń bọ̀, wọ́n ní àwọn mọ̀. Igi kan ní òdòdó ni kí wọ́n fi mọ ẹbí, òmíràn ní èèpo ni, òmíràn ní bí ewé ṣe tò sára ẹ̀ka ni. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, lójoojúmọ́ ni wọ́n sì ń pa á tì. Málọmọ́ ti ń wúwo lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ẹ̀yìn ń ro Ọ̀fàfà, orí ń fọ́ ọ, ọ̀rọ̀ igi sì ti sú u pátápátá. Nígbà tó yá, kò nawọ́ mọ́. Ó kàn jókòó, ó ń wo ojú ọ̀run.

Ọjọ́ tí wọ́n dé orí ọ̀rọ̀ Ọ̀pẹ, bóyá igi ni tàbí koríko tó ga jù, ọjọ́ náà ni ọyẹ́ dé. Ọ̀pẹ ti dìde dúró, ó ní kí ẹni tó pe òun ní koríko tún un pè. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ kan fẹ́ kọjá láàárín wọn. Ìrókò wú ikọ́. Ewé bẹ̀rẹ̀ sí í dà lára rẹ̀ bó ti ń sọ̀rọ̀ lọ, kò tilẹ̀ dánu dúró. Òjìji Idì sì gba orí gbàgede náà kọjá.

Ọ̀fàfà dìde. Igbó kò gbọ́ irú ohùn tó ti ẹnu rẹ̀ jáde lọ́jọ́ náà rí. Ó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ bí ẹni tó ń kùn, ó ń ga sí i, ó ń ga sí i, títí ó fi di igbe tí gbogbo igi fi pa ẹnu mọ́.

"Èmi kò bi yín léèrè ẹni tó bí yín. Ohun tí mo bi yín ni pé ta ni yóò bo ọmọ mi. Bàbá Ìrókò, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin àgbà kún ọjà yìí, orí ọmọ mi sì wọ́."

Kò sí igi tó lè wo ojú rẹ̀. Ìrókò pàápàá ń wo ilẹ̀ nígbà tó dá a lóhùn.

"Ìyá Málọmọ́, kì í ṣe ìwà ìkà. Ewé tó bá ti gbó, ó ti rẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Jíjá ni yóò já. Báwo la ṣe fẹ́ dá a dúró?"

Ọ̀fàfà wo gbogbo wọn. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń jókòó níbẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyí tó kan ọ̀rọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìdáhùn rẹ̀ ti wà lẹ́yìn rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá.

"Ó máa ń rẹ èmi náà," ló wí. "Bí ó bá rẹ̀ mí, màá gbé ọmọ fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n n kì í tú ọwọ́ mi sílẹ̀ kí ọwọ́ ẹni yẹn tó di ọmọ mú. Ẹ jẹ́ kí ewé máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ewé bẹ́ẹ̀. Kí èyí tó gbó má lọ títí èyí tuntun yóò fi dé."

Àràbà ní ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n ewé tuntun ń mu omi, níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí omi nínú ọ̀gbẹlẹ̀? Ó ní igi tó bá ń fún ewé lómi nígbà ọyẹ́ kò ní ga. Ìrókò ní òótọ́ ni, pé òun tí òun fẹ́ fi orí kan ọ̀run, òun kò lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ igi ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, wọ́n sì ń já ewé wọn lọ.

Obì ń wo Málọmọ́. Ọmọ náà ti sùn, kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ojú ti Obì pé òun wà níbẹ̀ tí òun ń sunkún nítorí ẹbí, nígbà tí ikú ń dọdẹ ọmọ yìí.

"Èmi á ṣe é," ni Obì wí.

Àràbà yíjú sí i. Ó ní, "Nínú ẹbí wa, a máa ń já ewé."

"Bàbá, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ di ẹbí mi ni. Ẹ má bínú. Ọmọ yìí kò ní kú lójú mi."

Bó ti sọ bẹ́ẹ̀ tán ni Idì pa ìyẹ́ dé, tó já bọ̀ láti òkè. Ọ̀fàfà fò sórí Obì tòun tọmọ. Obì fi gbogbo ewé rẹ̀ bò wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú ewé náà ti gbó, wọ́n ń gbọ̀n, wọ́n fẹ́ já. Obì ń bẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n ní sùúrù, pé arọ́pò wọn ń bọ̀. Ewé tuntun sì ń yọ lóòótọ́ ní orí ẹ̀ka, wọ́n rọ̀, àwọ̀ wọn kò tíì gbó. Èékánná Idì wọ inú ewé, ó fà, ó gbéra padà. Nígbà tó dé òkè tó la èékánná, ewé ló bá níbẹ̀.

Ó tún wo ilẹ̀. Ọdán ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìrókò, ó lọ dúró ti Obì tòun tewé. Orógbó wà níbẹ̀, Agbálùmọ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀pẹ náà ní kí wọ́n parí ọ̀rọ̀ igi àti koríko lẹ́yìn òun, imọ̀ orí òun kò ní já. Idì yípo títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó sì gba ibòmíràn lọ pẹ̀lú ebi.

Ọyẹ́ ọdún náà le. Àwọn igi tó di ewé mú rí ìyà. Wọ́n ní láti mú awọ ewé wọn nípọn, kí ìwọ̀nba omi tó wà nínú rẹ̀ má baà gbẹ lọ. Obì kò rí agbára ga. Ti Orógbó tún burú jù, ó ń dàgbà díẹ̀díẹ̀ tó fi jẹ́ pé ọmọ-ọmọ ni ẹni tó bá gbìn ín ń rò. Ìrókò àti Àràbà tó ju ẹrù sílẹ̀ sinmi dáadáa, wọ́n sì ga ju gbogbo igi lọ. Obì rí i, kò sì tọrọ pàṣípààrọ̀.

Ìpàdé náà ńkọ́? Wọn kò parí rẹ̀. Nígbà tí Ìrókò fẹ́ dìde kó ní kí wọ́n tú ká, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé. Wọ́n ti jókòó pẹ́ jù, gbòǹgbò ti mú gbogbo wọn mọ́lẹ̀, àwọn ẹlòmíràn sì ti jókòó síbi tí kì í ṣe ilé wọn. Àwọn tó ń kọ́ nípa igi ṣì ń ha wọn lára wò dòní, wọ́n ń la èso wọn, wọ́n ń jiyàn ẹni tó bí wọn.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn igi kan kì í ti í wà ní ìhòòhò nígbà ọyẹ́. Ẹ má rò pé ewé wọn kì í já. Bí ẹ bá dé abẹ́ obì, ẹ ó bá ewé gbígbẹ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo òkè, ẹ kò ní rí ibi tó ti já, nítorí arọ́pò rẹ̀ ti dé kó tó lọ. Ìdí nìyí tí ewé wọn fi nípọn tó sì ń dán. Ìdí nìyí pẹ̀lú tí ọmọ ẹbí kan náà fi lè yàtọ̀ síra, tí Àràbà ń wà ní ìhòòhò tí Obì sì ń wọ ewé.

Ọ̀fàfà ṣì ń ké igbe rẹ̀ nínú igbó, ó ń bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ó ń ga sí i. Ìyẹn kò jẹ́ kí àwọn igi gbàgbé. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò sọ ọmọ rẹ̀ kankan ní Málọmọ́ mọ́.