Bàtà Funfun Túùpú

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ká ẹsẹ̀ yín kò, ọkọ̀ ń bọ̀.

Túùpú, ẹlẹ́dẹ̀ igbó, ra ọkọ̀ akẹ́rù. Ó gba ọ̀nà igbó lọ gbé ìyá rẹ̀ tí kò wọ mọ́tò rí. Ìgbín dá a dúró létí ẹrẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́kọ́ fẹsẹ̀ wọn ẹrẹ̀ yìí wò."

"Pẹ̀lú bàtà funfun yìí?"

Ìgbín kọrin, ẹ gbè é:

Túùpú, sọ̀ kalẹ̀ o,
Ẹrẹ̀ jìn!
Bọ́ bàtà o,
Ẹrẹ̀ jìn!

Túùpú tẹ iná mọ́ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Taya rì, ó tún rì, lẹ́ẹ̀kẹta ọkọ̀ fi àyà jókòó.

Ìyá rẹ̀ gbọ́ ariwo, ó fẹsẹ̀ rìn wá, ó ń ti ọkọ̀ lẹ́yìn. "Ọkọ mi, jókòó. Bàtà rẹ á dọ̀tí."

Ibẹ̀ ni eegun ẹ̀yìn ìyá náà ti yẹ̀. Kò wọ mọ́tò náà títí tó fi kú.

Láti ìgbà náà, Túùpú kì í wọ bàtà mọ́. Ibi tó bá ti rí ẹrẹ̀, inú rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ wọ̀.

Ibẹ̀ ni àlọ́ mi rì sí.