Iṣẹ́ Tí Dókítà Mákinwá Fẹ́ Pa Rẹ́

Ní àsìkò tí à ń sọ yìí, ẹ̀rù odò ń ba gbogbo ará Òkè-Àfọ̀n. Kì í ṣe pé omi kún tó ń gbé èèyàn lọ. Àwọn tó ń bómi lọ fẹsẹ̀ ara wọn rìn débẹ̀ ni: àgbẹ̀ tí kò jẹun mọ́, abiyamọ tó ń kọjú sógiri láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, akọ̀wé tó pa iṣẹ́ tì, tó ní nǹkan ń rìn lórí òun. Èèyàn mọ́kànlá ló lọ bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn kan ṣoṣo. Àwọn ará ilé wọn á sin wọ́n ní bòókẹ́lẹ́, wọ́n á ní ẹsẹ̀ ló yọ̀.

Ìgbà náà ni Mákinwá dé, Mákinwá ọmọ alágbẹ̀dẹ, òpẹ́lẹ́ńgẹ́ tí ọkàn rẹ̀ le, ẹni tó ń jókòó ti aláìsàn ọpọlọ tí gbogbo ilé ti sá fún. Ọmọ bíbí ìlú náà ni, dókítà ọpọlọ sì ni. Ó fi ipò ńlá sílẹ̀ ní yunifásítì, ó wá fi owó ìrànwọ́ ìjọba dá ilé ìtọ́jú oníbùsùn mẹ́wàá sílẹ̀ nílé. Láàárín ọdún méjì, iye àwọn tó ń lọ sódò dín kù. Ó wá rò ó pé bí òun bá lè fi ìwádìí han ayé bí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ṣe pọ̀ tó ní Òkè-Àfọ̀n, ìjọba á sọ ilé ìtọ́jú náà di ńlá. Òun àti Nọ́ọ̀sì Tẹniọlá tó ń bá a ṣiṣẹ́ kọ ìbéèrè sínú ìwé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti ojúlé dé ojúlé, títí wọ́n fi wọ irínwó ilé.

Ẹ̀kọ́ ilé ló kó bá a. Mákinwá kò lè wọlé àgbà kó máa bi í bóyá ó ń ro ikú. Ó ń dọ̀bálẹ̀, ó sì ń fi ìbéèrè rẹ̀ sínú ìkíni: ṣé àlàáfíà la bá yín, ṣé ẹ sùn dáadáa, ṣé inú yín dùn? Ta ló máa kí Yorùbá báyìí tí yóò gbọ́ ohun mìíràn? Wọ́n ní àwọn dúpẹ́. Ẹni tí kò tíì fojú kan oorun láti ọjọ́ mẹ́ta ní òun dúpẹ́. Dókítà ń kọ “kò sí” síwájú orúkọ wọn. Nígbà tó ṣàròpọ̀, ẹnu yà á, ṣùgbọ́n ó gba ohun tí ìwé sọ. Ó kọ ọ́ pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ṣọ̀wọ́n níbẹ̀, pé bóyá ìfẹ́ ẹbí ló ń dáàbò bò wọ́n. Ìwé àtìgbàdégbà ńlá kan tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ń kà lókè òkun tẹ̀ ẹ́ jáde, kíá ló sì gbòde kan. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí kò mọ ọ̀nà Òkè-Àfọ̀n ń fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ìwé lórí ìwé ń tọ́ka sí i. Ìjọba náà gbọ́ nípa rẹ̀. Wọ́n ní kí ni wọ́n ń fi ilé ìtọ́jú ṣe níbi tí àìsàn kò sí, wọ́n sì tì í pa.

Ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn náà ni ìyá arúgbó kan, Ìyá Morádékẹ́, lọ sódò. Mákinwá ṣí ìwé rẹ̀, ó rí orúkọ ìyá náà, ó rí “kò sí” tí òun fọwọ́ ara òun kọ síwájú rẹ̀. Ó lọ bá wọn kẹ́dùn. Morádékẹ́, ọmọ olóògbé, ló pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

“Bọ̀dá Dókítà, ẹ kí màmá mi ni,” ó ní. “Ẹ ò bi wọ́n léèrè nǹkan kan.”

Mákinwá mọ̀ pé òótọ́ ni, ojú sì tì í gidigidi.

Láti ọjọ́ náà ló ti gbógun ti ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kọ, ó sì fi ọdún mọ́kàndínlógún jà á. Ó padà sí irínwó ilé náà láìmú ìwé ìbéèrè kankan lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ti fẹ́ dá ìkíni rẹ̀ lóhùn, á gbọ́wọ́ sókè: “Ẹ má tíì dúpẹ́. Mo ráyè, mo lè jókòó.” Á sì jókòó títí ọ̀rọ̀ á fi jáde. Ó rí i pé ẹnìkan nínú mẹ́ta ló ń ṣàìsàn. Ó kọ ìyẹn náà, ìwé àtìgbàdégbà mẹ́rin kọ̀ ọ́, ìkarùn-ún tí èèyàn kì í kà ló gbà á. Níkẹyìn, nígbà tí irun rẹ̀ ti funfun tán, ó dìde láàárín àpéjọ àwọn onímọ̀.

“Ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹni tó kọ iṣẹ́ tí ẹ fi ń kọ́ni ló dúró níwájú yín yìí. Mo ṣìnà. Ìkíni ni mo gbà sílẹ̀, mo wá pè é ní ìlera. Àwọn tó dá mi lóhùn ń kú lọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ náà kú.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n ní onírẹ̀lẹ̀ èèyàn ni. Ẹni tó sọ̀rọ̀ tẹ̀ lé e tọ́ka sí iṣẹ́ àkọ́kọ́ náà lẹ́ẹ̀mejì kó tó jókòó. Tẹniọlá, tó sìn ín lọ, sọ pé ibẹ̀ ni òun ti mọ̀ pé agbára rẹ̀ ti tán. Kò pé ọdún kan tí Mákinwá fi kú. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ òkèèrè kọ̀wé kẹ́dùn rẹ̀, iṣẹ́ àkọ́kọ́ yẹn ni wọ́n sì fi yìn ín.

Àṣà tó fi sílẹ̀ ní Òkè-Àfọ̀n kò tíì parẹ́. Títí dòní, bí wọ́n bá kí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, wọ́n á ní kó má tíì dúpẹ́, wọ́n á fa àga, wọ́n á jókòó. Àwọn ìlú tó yí wọn ká máa ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ pé wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń kíni. Aláìsàn á sọ tinú rẹ̀, wọ́n á gbọ́ ọ délẹ̀délẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba ò ṣí ilé ìtọ́jú náà mọ́, kò sì sí ibi tí wọ́n máa gbé e lọ. Wọ́n á wà lórí ìjókòó bẹ́ẹ̀, aláìsàn àti àwọn tó wá kí i, wọ́n á máa wo ara wọn.