Màrìwò Tí Orímisàn So Mọ́ Ọkọ̀

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀.

Ààlọ́ mi wọ ọkọ̀, ó di àjẹ̀ mú, ó wà á títí, ó fi gúnlẹ̀ sí ẹnu odò, níbi tí odò ti ń bọ́ sínú òkun. Ọ̀dọ̀ Orímisàn apẹja ló gúnlẹ̀ sí.

Ní ayé àtijọ́, orí òpó ni àwọn apẹja ibẹ̀ ń kọ́ ahéré wọn sí. Omi á máa ṣàn kọjá lábẹ́ wọn. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé kì í kánjú. Bí oṣù bá lé tuntun, tí omi òkun kún wọ odò, á wọ ẹrẹ̀ lọ sídìí igi ẹ̀gbà tó ta gbòǹgbò sínú omi, á so màrìwò mọ́ ibi tí omi ga dé. Oṣù mẹ́ta ni yóò fi ṣe bẹ́ẹ̀. Màrìwò tó ga jù ni yóò fi mọ bí òpó rẹ̀ yóò ṣe gùn tó.

Orímisàn fẹ́ kọ́lé, torí ó fẹ́ fẹ́ Rẹ̀mílẹ́kún. Ìyá ọmọ náà ti sọ fún un pé, "Ilé tí ọmọ mi yóò gbé, èmi ni n ó kọ́kọ́ jẹun níbẹ̀. Ọjọ́ oṣù tuntun ni n ó wá. Bí omi bá kàn mí lẹ́sẹ̀, ọmọ mi ń bá mi padà lọ."

Ṣùgbọ́n Orímisàn kórìíra ẹrẹ̀. Bó bá tẹ̀ ẹ́, á máa gbé ẹsẹ̀ bí adìẹ tí òjò pa. Kò dé ìdí igi ẹ̀gbà rárá. Ó jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó so màrìwò mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ìka mẹ́rin sókè omi.

Oṣù kìíní lé, omi kún, ọkọ̀ gòkè. Omi kò dé màrìwò. Oṣù kejì lé, omi kún, ọkọ̀ gòkè. Omi kò dé màrìwò. Oṣù kẹta lé, bákan náà ni.

"Omi yìí ò ga," Orímisàn wí. "Àwọn àgbà kàn ń fi igi ṣòfò ni."

Akàn yọjú nínú ihò. "Orímisàn, kí lo so màrìwò mọ́?"

"Ọkọ̀ mi."

"Ọkọ̀ tó ń léfòó?"

"Ṣé kó rì ni?"

Akàn wò ó, ó wo ọkọ̀, ó padà sínú ihò lọ rẹ́rìn-ín.

Orímisàn gé òpó kúkúrú, ó kọ́lé. Ìgbésẹ̀ méjì péré lèèyàn fi ń gun àkàbà rẹ̀. Oṣù tuntun lé. Lọ́sàn-án, ìyá àti Rẹ̀mílẹ́kún dé. Ó gbé púpurú àti ọbẹ̀ ẹja kalẹ̀. Bí ìyá ṣe bu òkèlè, Akàn gun òpó, ó dá orin:

Orímisàn kọ́lé sódò —
*Omi ń bọ̀, ṣàlá.*
Kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan òun lẹ́sẹ̀ —
*Omi ń bọ̀, ṣàlá.*
Ìyá ìyàwó, ẹ káṣọ sókè —
*Omi ń bọ̀, ṣàlá.*

"Kí ni akàn yẹn ń wí?"

"Ó ń kí yín ni, Ìyá."

Akàn tún kọrin. Omi yọ láàárín pákó.

"Ẹní yìí mà tutù."

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́ ni, Ìyá."

Akàn kọrin lẹ́ẹ̀kẹta. Abọ́ púpurú gbéra níwájú ìyá, ó rọra léfòó lọ bá Rẹ̀mílẹ́kún.

Ìyá ń wò ó. "Abọ́ yìí ńkọ́? Ṣé ìwọ náà lo ní kó máa lọ?"

Orímisàn wo ẹsẹ̀ ìyá, omi ti dé ọrùn ẹsẹ̀ wọn. "Ìyá, mo purọ́. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ni mo so màrìwò mọ́. Mi ò fẹ́ wọ ẹrẹ̀."

Rẹ̀mílẹ́kún ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé o rò pé omi á gòkè, kí ọkọ̀ dúró sílẹ̀ máa wò ó?"

Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n dìde. "Ọ̀rọ̀ mi ò yẹ̀. Ọmọ mi ń bá mi lọ."

Rẹ̀mílẹ́kún wọ ọkọ̀, ó bojú wẹ̀yìn. "Orímisàn, ọjọ́ tí mo bá rí ẹrẹ̀ lára rẹ ni n ó mọ̀ pé o fẹ́ mi."

Wọn ò tíì wà á jìnnà tí wọ́n fi gbọ́ jàbú. Orímisàn ti bẹ́ sómi, ó fi eyín di màrìwò mú, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀ lọ sídìí igi ẹ̀gbà. Omi mù ún dé àyà.

"Rọra," Akàn wí, "orí ilé mi lo dúró sí."

Ó so ti oṣù náà. Ó so ti èkejì. Ó so ti ẹ̀kẹta. Nígbà tí oṣù mìíràn lé, Rẹ̀mílẹ́kún ti ń yan ẹja nínú ahéré gíga, ìyá rẹ̀ ń jẹun, ẹsẹ̀ wọn gbẹ.

Ààlọ́ yìí kọ́ wa pé ẹni tó bá fẹ́ mọ bí omi ṣe ga tó, kó má bi ohun tó ń bá omi gòkè léèrè. Ó sì kọ́ wa pé a kì í sá fún ẹrẹ̀ tí iṣẹ́ wa wà nínú rẹ̀.

Ibi tí ọkọ̀ ààlọ́ mi já sí nìyí.