Ìgbín Tó Ní Kò Sí Ẹ̀ẹ̀rùn

Ẹ̀yin ọmọ, ààlọ́ mi rèé o!
Ó yá, a ti ń retí ẹ̀!

Àwọn ẹranko fẹ́ gbẹ́ kànga de ẹ̀ẹ̀rùn. Ilẹ̀ Ìgbín nìkan ló rọ̀ tí wọ́n lè gbẹ́ ẹ sí, ṣùgbọ́n Ìgbín kọ̀ jálẹ̀: “Kànga kí ni? Kò sí ohun tó ń jẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn!”

Ọ̀kẹ́rẹ́ kígbe mọ́ ọn, kò gbà. Ìgalà bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Alángbá kàn béèrè ni: “Ẹ̀gbọ́n Ìgbín, bí òjò bá dá, ṣebí ẹ máa ń sé ilẹ̀kùn sùn títí yóò fi tún rọ̀? Ta ló ń bá yín wo ìta?”

Lọ́dún náà, nígbà tí òjò dá, Ìgbín kò sé ilẹ̀kùn tán. Ó ń yọjú.

Ẹ̀yin ọmọ, kí ló rí?
Odò gbẹ!

Ó ní: “Ẹ wá gbẹ́ kànga yín. Alángbá, jọ̀ọ́, kí ló tún máa ń ṣẹlẹ̀ tí mo bá ti sùn?”