Ewé Tí Ewúrẹ́ Gbé Lọ Bá Erin

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ mi kò lọ jìnnà, orí èmi Ewúrẹ́ ló bọ́ sí.

Ní ilé-iṣẹ́ òwú Erin, gbogbo wa tẹ̀ka sí ewé kan, pé kí Erin má fi ọmọdé ṣiṣẹ́ alẹ́ mọ́. Èmi ni wọ́n ní kí n gbé e lọ. Mo jẹ ẹ́ lọ́nà. Wọ́n tẹ̀ka sí òmíràn, mo tún jẹ ẹ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, Ọ̀bọ fokùn di ẹnu mi, gbogbo wọn sì tẹ̀lé mi. Ẹ bá mi gbè é:

Erin, ọmọ wa ń sùn lórí òwú,
Dá wọn sílẹ̀!

Erin gbà, ó tẹ ẹsẹ̀ sí ewé náà. Wọ́n tú mi lẹ́nu pé kí n dúpẹ́.

Ọ̀bọ ní, "Ewúrẹ́, ewé ọ̀hún dà?"

Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ, ṣùgbọ́n kí ọwọ́ yín má kúrò lára òwú lóru yìí. Erin ń bọ̀.