Adégoróyè Fi Ìwo Sílẹ̀ Nílé Àna

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

Bàbá Adéyọyin gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè bí ẹni tó fẹ́ búra níwájú ọba. Ó fi irùngbọ̀n rẹ̀ ṣèlérí fún àwọn ọmọ agbo ilé pé àlọ́ òní kò ní gùn rárá.

"Bẹ́ẹ̀ náà lẹ wí lánàá, Bàbá," Mọrẹ́nikẹ́ sọ.

"Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ fún mi pé ó gùn lẹ jẹ́ kó gùn. Àlọ́ mi dá lórí àgbọ̀nrín kan tí wọ́n ń pè ní Adégoróyè."

Ní ìgbà kan rí, ọjọ́ kan ṣoṣo ni ìwo gbogbo akọ àgbọ̀nrín máa ń bọ́ lórí wọn: ọjọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀. Kí ọjọ́ náà tó pé, ìwo kì í mì. Bí òjò bá ti dá, wọn á gbọn orí, ìwo á bọ́, òmíràn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í hù.

Ti Adégoróyè ló tóbi jù. Ẹ̀ka márùn-ún lápá ọ̀tún, ẹ̀ka márùn-ún lápá òsì. Bó bá ń mumi, àwọn ẹyẹ ẹ̀gà á bà lé e, wọ́n á máa jà du ilẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ló fi máa ń gba àárín igi kọjá, ó sì dá a lójú pé àwọn igi ni kò mọ ibi tó yẹ kí wọ́n hù sí.

"Ṣé ó ga ju igi lọ ni?"

"Rárá. Ọkàn rẹ̀ ló ga."

Àwẹ̀ró, ọmọ Bàbá Olódò, ló fẹ́ fi ṣaya. Àwẹ̀ró náà sì fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n Ṣówándé, àgbọ̀nrín kan tí ìwo tirẹ̀ kò ju àtàǹpàkò lọ, ti wá tọrọ ọmọ náà. Ni Bàbá Olódò bá ránṣẹ́ sáwọn méjèèjì nígbà tí ọyẹ́ ń mú.

Òfin ilé náà kò ju ẹyọ kan lọ: ọkọ ìyàwó gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀, kí àyà rẹ̀ kanlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n máa ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá kanlẹ̀, ẹni tó kàn ló ni ìyàwó. Ìyá Ìgbín ni wọ́n yàn láti máa yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí nínú gbogbo ẹbí, òun ni ojú rẹ̀ sún mọ́lẹ̀ jù.

Ẹtu, ọ̀rẹ́ Adégoróyè, bi í lójú ọ̀nà pé, "Ọ̀rẹ́ mi, báwo lo ṣe máa dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú igbó tó wà lórí rẹ yìí?"

"Ìwo yìí ni mo fi lé akọ mẹ́rin sá lọ́dún yìí. Àwọn àna mi á fẹ́ rí i."

"Wọ́n á rí i. Àyà rẹ ni wọn ò ní rí."

Wọ́n dé ibẹ̀. Adégoróyè dọ̀bálẹ̀. Ìwo kanlẹ̀, àyà wà lókè. Ìyá Ìgbín gbéra. Ó rìn, ó rìn, ó rìn.

"Bàbá, ṣé ó ti dé?"

"Kò tíì dé. Ẹ ní sùúrù, àlọ́ kúkurú ni."

Nígbà tó dé, ó gba abẹ́ Adégoróyè wọlé, ó gba òdìkejì jáde. "Ara mi ò kan nǹkan kan," ó wí. "Àyà kò kanlẹ̀."

Ni ẹbí bá gbé orin:

*Ọkọ wa, wólẹ̀ ká rí ọ,*
*Ìwo ò jẹ́.*
*Fàyà balẹ̀ ká gbà ọ́,*
*Ìwo ò jẹ́.*
*Àwẹ̀ró ń retí rẹ o,*
*Ìwo ò jẹ́.*

Lẹ́ẹ̀kejì, Adégoróyè fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Bàbá Olódò wò ó títí.

"Ọmọ mi, ṣé ìkíni nìyẹn, àbí àárẹ̀ ló ṣe ọ́?"

Ó wá ku ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣówándé ti ń na ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Adégoróyè kó gbogbo agbára rẹ̀ jọ, ó wólẹ̀, ìwo sì wọnú ilẹ̀ ṣinṣin bí igi ọgbà. Kò lè lọ sókè, kò lè lọ sísàlẹ̀. Ìyá Ìgbín tún gbéra.

Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ létí rẹ̀. "Ìyá Ìgbín ti dé ìdí ọlọ o."

"Ṣé ó jìnnà síbí?"

"Kò jìnnà mọ́. Mi ò sì fẹ́ Ṣówándé."

"Òjò àkọ́rọ̀ ṣì ku oṣù méjì gbáko."

"Ṣé òjò lo wá fẹ́ níbí ni?"

Adégoróyè ronú. Àwọn akọ mẹ́rin tó lé sá, kò sí ọ̀kankan nínú wọn níbẹ̀. Àwẹ̀ró ló wà níbẹ̀. Ó dijú, ó lọ́ ọrùn sọ́tùn-ún. Ó dún kà. Ó lọ́ ọ sósì. Ó tún dún kà. Ìwo dúró nínú ilẹ̀, àyà bọ́ sílẹ̀ gbì.

Ìyá Ìgbín dé, ó fẹ́ gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ó forí sọ igbá àyà.

"Ọ̀nà dí," ó wí. "Ẹ fún un níyàwó."

Láti ọdún kejì ni àgbọ̀nrín tó bá ní àna kì í ti í dúró de òjò mọ́. Nínú ọyẹ́ ni yóò ti gbọn orí, kó tó lọ kí wọn. Àwọn tí kò ní àna ni ìwo ń pẹ́ lórí wọn.

"Ohun ẹ̀yẹ tí kò jẹ́ ká kí àgbà, ẹrù ni. Ẹnu ọ̀nà ló yẹ ká ti sọ ọ́ kalẹ̀. Àlọ́ mi ti wọlé, ó ti ti ilẹ̀kùn. Bí mo bá parọ́, kí ahọ́n mi má mọ adùn iyọ̀ lọ́la."

Bàbá Adéyọyin wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ bá mi pa á mọ́ o. Bẹ́ ẹ bá pàdé àgbọ̀nrín tó ṣì gbé ìwo rẹpẹtẹ lórí nígbà tí òjò fẹ́ rọ̀, ẹ kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kẹ́ ẹ máa lọ. Ó rò pé ẹwà òun là ń wò."